Ó Ní "Ó Tó," Ṣùgbọ́n Kò Ṣí Fìlà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fíìmù, tí ẹ máa ń sọ pé, "Áà, obìnrin yìí mà mọ ẹkún-ún sun o!", ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ti dàrẹ́kítọ̀ kan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó síwájú mi, tí ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, tí ó ní kí n kọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi òun kọ́gbọ́n. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni mo ń bá a wí. Mo bá a sunkún díẹ̀ pẹ̀lú, n ò ní purọ́.

Dàrẹ́kítọ̀ yìí kò ní ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn. Òun ni ó ń kọ ìtàn, òun ni ó ń darí eré, òun náà ni ó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti gé e àti láti tò ó. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ gbayì. Àwọn ìwé ìròyìn ní ọmọ tuntun kan ti dé. Ìkejì jáde, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ìkẹta kò tilẹ̀ jáde rárá.

Irun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní irùngbọ̀n ọmọ tuntun. Àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá ara wọn, bí wọ́n bá sì pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n á ní, "Ọ̀gá wa, ẹ ṣì ń ṣe é?" Bí ẹni pé àìsàn ni.

Ó wá kọ èyí tí ó gbà pé yóò yọ òun nínú ọ̀fìn. Ìtàn ikú ìyá rẹ̀ ni.

Ó kéré púpọ̀ nígbà tí ìyá náà kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà náà, ni ó tọ́jú ìyá nínú àìsàn, òun náà ni ó sì pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi dàgbà. Gbogbo ẹbí ni ó mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: ọmọbìnrin náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú títí ẹ̀mí fi bọ́. Àbúrò ìyá wọn, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Kékeré, kì í dé ibi kan kó má fi ṣe àpẹẹrẹ.

"Ẹ wo ọmọ," ni yóò wí. "Ọmọ tó tọ́jú ìyá ẹ̀ dójú ikú. Àwọn ọmọ tìrẹ náà ò ní sá fún ọ."

Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dìde, á lọ wá abọ́ fọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ó ń ṣe, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó wọn sí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ níbẹ̀ ni pé aláìsàn kì í pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ tán, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àánú ni gbogbo ènìyàn ka ìyẹn sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti fìlà. Dàrẹ́kítọ̀ ní fìlà kan tó ti gbó, kì í sì í ṣiṣẹ́ láìdé e. Bí wọ́n bá ya ibì kan tán, á ké pé, "Ó tó!", á sì ṣí fìlà náà, ayàwòrán rẹ̀ á pa kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ké "Ó tó!" tí fìlà ṣì wà lórí, ayàwòrán á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, kámẹ́rà á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

"Ìgbà tí òṣèré bá rò pé ẹnikẹ́ni ò wo òun mọ́ ló ń ṣe èyí tó dára jù," ó wí fún mi. Ẹ̀rín àìròtẹ́lẹ̀ ni ó ti fi ọgbọ́n yìí mú, ìmí ẹ̀dùn, oríṣiríṣi. Kò sẹ́ni tó bínú rí. "Ọgbọ́n iṣẹ́ ni mo pè é."

Mo ní, "Ó ní orúkọ mìíràn." Ó dorí kodò.

Nínú ìwé eré, ó ti sọ ọmọbìnrin tó tọ́jú ìyá di àgbà obìnrin, ó sì ti rí òṣèré tí yóò ṣe é. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni òṣèré náà rí iṣẹ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Dàrẹ́kítọ̀ kò mọ ibi tí ì bá sá lọ. Ó sá tọ ẹni tí ó máa ń sá tọ̀ láti kékeré.

"Èmi kẹ̀?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Èmi tí mi ò lè ya fọ́tò kójú mi má dì?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ yín náà ni kẹ́ ẹ ṣe. Tí fíìmù yìí ò bá bọ́ sí i, mo ti tán nìyẹn."

"Má fẹnu ẹ sọ ọ́. Ọmọ ìyá mi ò ní tán." Ó mí kanlẹ̀. "Ìgbà wo ni kí n wá?"

Yàrá kan ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀dì onírin kan, kọ́tìnì aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, bàsíà omi kan lórí àga. Arúgbó òṣèré kan ni ó ṣe ìyá. Ẹ̀gbọ́n ṣe dáadáa. Ó ń nu ara arúgbó náà, ó ń tún ìrọ̀rí gbé fún un, kò tilẹ̀ rántí pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. Inú dàrẹ́kítọ̀ ń dùn.

Àfìgbà tí wọ́n dé ibi ikú. Ohun tí ó wà nínú ìwé eré ni pé kí ọmọbìnrin náà di ọwọ́ ìyá mú, kó sì sọ pé, "Ìyá mi, mo wà níbí." Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún dúró. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń ka pátákó ojú títì.

"Ó tó!" ni dàrẹ́kítọ̀ ké. Ó ní kí arúgbó òṣèré náà jáde lọ nawọ́ nasẹ̀, kí àwọn yòókù náà bọ́ síta. Ó ku òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ayàwòrán. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ síbi fìlà.

Ó wá rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ náà padà wálẹ̀ lófo.

"Ṣé o ti pa á?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Mo ti pa á, Àǹtí mi. Kí ló dé?"

Ayàwòrán yíjú sí ojú fèrèsé.

"Kò rí báyìí," ẹ̀gbọ́n wí. "Ohun tó o kọ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Mi ò di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mi ò sí níbẹ̀." Ó ń wo bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. "Ọ̀sán ni. Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìn ilé, mo gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Ó pè mí. Mo gbọ́ o. Àmọ́ láti àárọ̀ ló ti ń pè mí: gbé mi dìde, dá mi dùbúlẹ̀, bu omi, da omi nù. Ó sú mi. Mo ní mi ò ní dáhùn, mo faṣọ bojú. Ó tún pè mí. Ó wá fi oríkì mi pè mí, bó ṣe máa ń pè mí tí inú ẹ̀ bá dùn sí mi. Mo yí rédíò sókè."

Dàrẹ́kítọ̀ rọra sún mọ́ ọn.

"Nígbà tí mo wọlé, ọwọ́ ẹ̀ kan ti jábọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nà án sọ́nà ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo wá di ọwọ́ náà mú. Òun ni Ìyá Kékeré wọlé tó bá, ló bá ń yìn mí. Wọn ò tíì dákẹ́ títí di òní. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń yìn mí, ohùn Ìyá ni mò ń gbọ́." Ìgbà náà ni ẹkún wá dé, irú ẹkún tí kì í dún. "Ọmọ ìyá mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mi ò ní sọ."

Ó gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra. Lórí èjìká obìnrin náà ni ó ti rí iná pupa kékeré ara kámẹ́rà, tó ń tàn.

Kí ẹ má baà rò pé ìkà ni, n ó sọ èyí tí ó ṣe dáadáa. Kò fẹ́ lò ó. Wọ́n padà ya ibi ikú náà bó ti wà nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n gbìyànjú, ó di ọwọ́ mú. Èyí ni ó tò sínú fíìmù. Ó ní òun máa pa ìkejì rẹ́. Kò pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà, kò pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin náà mọ bí èṣù ṣe ń yá ènìyàn lọ́jọ́.

Àfihàn fíìmù ńlá kan ń bọ̀, èyí tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá ti yan fíìmù rẹ̀, ó ti rí ọ̀nà lọ. Ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Obìnrin tó ń yan fíìmù fúnra rẹ̀ ni ó pè é lórí fóònù.

"Ọwọ́ yín mọ́, ẹ kú iṣẹ́," obìnrin náà wí. "Àmọ́ ibi ikú yẹn ni. Arábìnrin yẹn ń dibọ́n. Gbogbo fíìmù ń rìn bọ̀ wá síbẹ̀, ká sì wá dé ibẹ̀ ká bá òfìfo. Ṣé ẹ ò ya òmíràn ni?"

Ó ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Tí kò bá sí, kò burú. Ó di ìgbà mìíràn nìyẹn."

Ìgbà mìíràn! Ìgbà mìíràn wo ni ó kù fún ẹni tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bi pé ṣé ó ṣì ń ṣe é? Ó jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré ni. Ó wò ó. Ó sunkún nítorí ìyá rẹ̀, ó sunkún nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ó nu ojú tán, ó kíyè sí i pé ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú kọ́tìnì wọlé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà dára gan-an.

Ibẹ̀ ni ó ti sọnù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n á rò pé eré ni," ó wí fún ara rẹ̀. "Ta ló fẹ́ mọ̀? Ìtàn ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ó yọ ohùn ara rẹ̀ kúrò, ó yọ "Ṣé o ti pa á?" kúrò. Nígbà tí ó dé ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ pé, "Ọmọ ìyá mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó gé ìyẹn náà sọnù, nítorí ó ń fa ọwọ́ eré sẹ́yìn.

Ó tún fi ránṣẹ́, wọ́n sì yan fíìmù náà.

Ayàwòrán rẹ̀ rí i kí ó tó jáde. "Ọ̀gá, ṣé Àǹtí mọ̀?"

"Màá sọ fún wọn."

"Ìgbà wo?"

"Mo ní màá sọ fún wọn!"

Ó sì lọ lóòótọ́. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú dígí, ó ń wọn aṣọ tuntun wò. "Wò ó, ṣé kò há mi jù? Mo ti sọ fún gbogbo àwọn arúgbó mi pé mo ti di òṣèré. Ìyá Kékeré náà ní àwọn ń bọ̀, àwọn fẹ́ fojú ara wọn rí i bí mo ṣe tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn."

"Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ kan wà o."

"Ọ̀rọ̀ kí ni, pẹ̀lú bó o ṣe rù yìí? Jókòó, jẹun ná."

Ó jókòó, ó jẹun, ó fọ ọwọ́, ó lọ sílé.

Ọ̀sán ni wọ́n ṣe àfihàn náà, gbọ̀ngàn sì kún. Ẹ̀gbọ́n àti Ìyá Kékeré jókòó síwájú, dàrẹ́kítọ̀ dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe rí ara rẹ̀ lára ògiri, ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyá Kékeré ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un: "Ìwọ nìyẹn! Wò ó bó o ṣe ń ṣe é!"

Bẹ́ẹ̀dì onírin yọ. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé yọ. "Mi ò di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mi ò sí níbẹ̀."

Ní àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó rí ẹnì kan tó jọ òun ní ọjà. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń jáde láti ara ògiri, ó gba gbogbo gbọ̀ngàn kan: ẹní, aṣọ tó fi bojú, rédíò. Nígbà tí ó dé ibi oríkì, orí Ìyá Kékeré yí padà sí i nínú òkùnkùn.

"O gbọ́ ọ?"

Ẹ̀gbọ́n fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi pè ọ́, o sì gbọ́ ọ?"

"Ṣṣ, Màmá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn wọn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n rò pé arúgbó náà ń bá fíìmù jà ni.

Iná tàn. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn ń nu ojú. Obìnrin tó ń yan fíìmù ti wà lórí pèpéle, ó mú àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́, ó ń pe dàrẹ́kítọ̀ kó máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láti iwájú, báàgì rẹ̀ ní àyà, ó ń gba àárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kọjá. Ọ̀nà ilẹ̀kùn ni ó dorí kọ. Ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó dúró.

"O ní o ti pa á," ó wí.

Ó jáde.

Wọ́n tún pe dàrẹ́kítọ̀. Ilẹ̀kùn wà lápá ọ̀tún rẹ̀, kò tó nǹkan. Pèpéle wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo bi í pé kí ni ó ń rò. Ó ní òun rò pé ẹ̀gbọ́n òun yóò wà níta, kò ní lọ, kì í lọ. Ó máa ń dúró de òun. Pèpéle ni kò ní dúró.

Ó gun orí pèpéle. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, òpómúléró fíìmù yìí, ó sì nawọ́ sí àga rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àga tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ni ó tẹrí ba fún èrò, ó sì ṣí fìlà.

Ó sáré jáde nígbà tí wọ́n jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni níta.

Ìyá Kékeré kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó tó dé ilé ẹ̀gbọ́n. "Gbogbo àdúrà tí mo ti gbà fún ọ," ni ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà, "mo gbà á padà!" Kò tíì wọ ilé náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Fíìmù ń lọ láti ibì kan dé ibì kan, wọ́n ń kọ nípa "obìnrin tí ẹkún rẹ̀ jẹ́ òtítọ́." Ọmọ arúgbó kan rí i, ó sì gbọ́ pé kì í ṣe eré, ó lọ sí ilé ìtọ́jú, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú ìyá òun. Ẹlòmíràn tún wá. Ọ̀gá wọn pe ẹ̀gbọ́n, ó fi sùúrù sọ fún un pé kó lọ sinmi ná. Obìnrin tí aláìsàn kì í pè lẹ́ẹ̀mejì jókòó sílé, kò sẹ́ni tó ń pè é.

Dàrẹ́kítọ̀ lọ bẹ obìnrin tó ń yan fíìmù pé kí wọ́n dá a padà, kí òun fi èyí àkọ́kọ́ rọ́pò rẹ̀.

"Èyí tí kò lẹ́mìí?" obìnrin náà bi í. "Ó ti kúrò lọ́wọ́ wa, ọ̀gá. Àwọn ènìyàn ti rí i."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ti ẹnu ni àwọn àgbà ń sọ. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹyin yóò máa fọ́ níwájú èrò, lójoojúmọ́, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Ayàwòrán lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fìlà fún un, ó sì fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ń wá dàrẹ́kítọ̀ báyìí, ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá. Bí ó bá jókòó láti kọ̀wé, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ń wá àfi èyí tó gé sọnù.

Ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí kò lè fara dà á mọ́. Obìnrin náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí. "Ẹ jókòó."

Ẹni tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, tó ti ń pè é ní ọmọ ìyá mi láti ọjọ́ tó ti gbọ́n, ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò tó wá béèrè ọ̀nà. Kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí. Ẹ kàn bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n wò ó lọ títí. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí orí àbúrò rẹ̀. Ìpayà ti jẹ́ kí òmùgọ̀ ọkùnrin yìí dé fìlà wá.

Dàrẹ́kítọ̀ já a kúrò lórí, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n ń wo fóònù inú àpò àyà àbúrò rẹ̀, ó wo ojú fèrèsé, ó wo fìlà nílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti pa á?" ó bi í.

"Kò sí nǹkan kan níbí, Àǹtí mi! Mo ti pa á! Mo ti pa á!"

Bí ó ti sọ ọ́ ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ohùn ọjọ́ kìíní náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mirí sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ti ń ṣe fún aláìsàn tó ń sọ ìsọkúsọ, ó yí padà, ó wọ yàrá lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Àǹtí mi!"

Kò dáhùn.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn náà lórí eékún. Ó rántí oríkì rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi pè é mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú. Ó fi pè é, jẹ́jẹ́, bí ìyá wọn ṣe ń pè é.

Nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí rédíò sókè.